Bí oje igi ọsàn ṣe ń pe kòkòrò tó ń gbé àrùn rìn, àti ohun tó kan ọjà Kejetia nínú rẹ̀

Ẹni tó bá wọ ọjà Kejetia ní ìlú Kumasi kò ní pẹ́ rí ọlọ́sàn. Wọn a fi abẹ bó èèpo ọsàn títí ara rẹ̀ yóò fi funfun, wọn a gé orí rẹ̀ díẹ̀, oníbàárà a sì fún un mu lórí ìdúró. Ankaa ni àwọn ará Asante ń pè é. Oko nílẹ̀ Asante, ní ẹkùn Eastern àti ẹkùn Central ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ọkọ̀ a kó o dé nínú àpò àti apẹ̀rẹ̀, òmíràn a sì wà pẹ̀lú ewé àti ẹ̀ka tútù tó já tẹ̀lé e.

Kò sẹ́ni tó ń wo ewé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọsàn ni wọ́n wá rà.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde nínú ìwé ìròyìn Scientific Reports pé fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn rí kòkòrò méjì kan lára igi ọsàn ní Ghana. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ni Diaphorina citri àti Trioza erytreae. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, ní 2020, ìwé ìròyìn kan náà ló gbé e jáde pé Diaphorina citri ti wọ Nàìjíríà.

Gígùn Diaphorina kò ju mìlímítà 3 sí 4 lọ. Tó bá ń mu oje lára ewé, yóò na ìdí sókè bí ẹni tó ń foríkanlẹ̀, èyí sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Oje tó ń mu nìkan kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ohun tó lè gbé sínú igi ni wọ́n ń bẹ̀rù: bakitéríà kan tó ń fa àrùn tí àwọn ará China ń pè ní huanglongbing. Àrùn yìí kò ní ìwòsàn. Igi tó bá ti mú, ó ti mú un nìyẹn.

Kí ló lè ṣe fún oko ọsàn?

Ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Ọdún 1998 ni wọ́n kọ́kọ́ rí Diaphorina níbẹ̀, wọ́n sì rí àrùn náà ní 2005. Ní àsìkò ìkórè 2003 sí 2004, páálí ọsàn mílíọ̀nù 242 ni Florida kó. Nígbà tó máa fi di àsìkò 2022 sí 2023, ohun tí wọ́n kó kò tó mílíọ̀nù 16. Òótọ́ ni pé ìjì líle dá kún un, àwọn kan sì ta oko wọn fún àwọn tó ń kọ́ ilé, ṣùgbọ́n àrùn yìí ló kọ́kọ́ ṣẹ́ wọn lẹ́yìn.

Rírí kòkòrò náà kò túmọ̀ sí pé àrùn ti dé. Ní Florida, ọdún méje ló wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n rí ẹni tó ń gbé ẹrù àti ọjọ́ tí wọ́n rí ẹrù náà fúnra rẹ̀. Ohun tí èèyàn bá ṣe láàárín irú ọdún bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, kò sì sí ohun tó nítumọ̀ tí èèyàn lè ṣe láì mọ ohun tó ń mú kòkòrò yìí yan igi kan kó sì fi òmíràn sílẹ̀. Inú oje igi ni ìdáhùn wà.

Kí ló wà nínú oje igi?

Ọ̀nà méjì ni nǹkan ń gbà káàkiri inú igi. Ọ̀kan ń gbé omi láti gbòǹgbò lọ sókè. Èkejì ń gbé oúnjẹ tí ewé fi oòrùn sè lọ sí ibi gbogbo tó bá nílò rẹ̀: gbòǹgbò, èso, òdòdó, àti ewé tuntun tí kò tíì lè wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí, iṣan oúnjẹ, ni Diaphorina ń ti ẹnu rẹ̀ tó rí bí abẹ́rẹ́ bọ̀. Inú rẹ̀ náà ni bakitéríà huanglongbing ń gbé.

Oje inú iṣan oúnjẹ kún fún ṣúgà, ṣùgbọ́n amino acid tí gbogbo ẹ̀dá fi ń mọ ẹran ara kò pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn kan kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ rárá. Ó dà bí ẹni tó ń mu omi ṣúgà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, tí kò fi ẹ̀wà tàbí ẹran kàn án. Kí kòkòrò tó rí ìwọ̀nba amino acid tó máa fi dàgbà, ó gbọ́dọ̀ mu oje púpọ̀ gan-an, kó sì da ṣúgà tó ṣẹ́ kù nù láti ìdí. Ẹni tó bá ti gbé mọ́tò sábẹ́ igi máńgòrò tó ní irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ rí yóò ti bá a lójú gíláàsì: omi kan tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó ń dán. Èèrà fẹ́ràn rẹ̀. Ohun dúdú bí èédú tó máa ń bo ewé máńgòrò àti ewé ọsàn, orí omi dídùn yìí ló ń hù.

Àwọn amino acid tí kò sí nínú oje ńkọ́? Àwọn kòkòrò yìí ní alásè tiwọn. Bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Carsonella ń gbé nínú ara Diaphorina, òun ló ń ṣe èyí tó kù fún un, ìyá ló sì ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́ láti inú ẹyin. Kòkòrò náà ní bakitéríà kejì, Profftella, tó ń pèsè oró kan sínú ara rẹ̀. Ti kòkòrò funfun kan tó ń jẹ́ Planococcus citri tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ: bakitéríà kan ń gbé nínú rẹ̀, bakitéríà mìíràn sì tún ń gbé nínú bakitéríà yẹn, àwọn méjèèjì sì pín iṣẹ́ sísè oúnjẹ náà láàárín ara wọn.

Nítorí pé amino acid ló ṣọ̀wọ́n, ibi tó bá ti pọ̀ díẹ̀ ni kòkòrò yóò forí lé. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú ni. Igi ń kó oúnjẹ ránṣẹ́ sí i kó lè dàgbà, ara rẹ̀ sì rọ̀ fún ẹnu láti wọ̀. Orí ewé tuntun tó ń là nìkan ni abo Diaphorina ń yé ẹyin sí. Tí igi kò bá rúwé tuntun, kò sí ibi tí yóò yé sí. Èyí ló fi jẹ́ pé lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí àgbẹ̀ bá rẹ́ ẹ̀ka, tàbí lẹ́yìn tó bá da ajílẹ̀ sídìí igi, kòkòrò yìí máa ń pọ̀ sí i. Ohun tí àgbẹ̀ ṣe kí igi rẹ̀ lè yọ̀ náà ló tún tẹ́ tábìlì fún un.

Igi aláìsàn ló ń pè é wá

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Florida gbé àbájáde kan jáde nípa bí Diaphorina ṣe ń yan láàárín igi tó lárùn àti èyí tí ara rẹ̀ le. Ohun tí èèyàn yóò rò ni pé kòkòrò á sá fún igi tó ń kú lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igi tó ní àrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ bá.

Òórùn ló ń fà wọ́n. Bakitéríà náà máa ń mú kí ewé tú kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ methyl salicylate sáfẹ́fẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Imú ọ̀pọ̀ wa mọ kẹ́míkà yìí dáadáa, torí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n fi ń wọ́ ara ríro. Igi a máa tú u jáde nígbà tí nǹkan bá ń jẹ ẹ́, bí ẹni tó ń ké. Diaphorina gbọ́ igbe náà, ó sì mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ òun wà níbẹ̀, ó bá fò wá.

Nígbà tó bá wá ti ẹnu bọ inú iṣan, oúnjẹ tó retí kò sí níbẹ̀. Oje igi tó lárùn ti yàtọ̀: nitrogen inú rẹ̀ ti dín kù, zinc àti iron náà ti dín kù. Kòkòrò mu ún títí, kò yó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó gbéra, ó sì lọ sórí igi tí ara rẹ̀ le, tòun ti bakitéríà lẹ́nu.

Bí èèyàn bá jókòó láti ṣètò bí àrùn yóò ṣe tètè kárí oko, bóyá ni yóò lè ṣe é dáadáa jù báyìí lọ. Òórùn ń pe kòkòrò wá gba bakitéríà, oje tí kò dára sì ń lé e jáde kó lọ fi í fún ẹlòmíràn. Èyí tó bá sì mu oje igi aláìsàn láti kékeré, kó tó hùyẹ́, lè máa gbé àrùn náà kiri títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Kí ló ń ba oje náà jẹ́? Igi fúnra rẹ̀ ni, dé ìwọ̀n kan. Nígbà tó bá mọ̀ pé àjèjì wà nínú iṣan rẹ̀, ó ń dí ojú iṣan náà pa. Oúnjẹ tí ewé sè kò ríbi gbà lọ sísàlẹ̀, ó ń dì jọ sínú ewé, ebi sì ń pa gbòǹgbò. Ewé ń pọ́n lábala-lábala, èso ń kéré, ó ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń korò.

Ìwé àwọn òyìnbó a tún máa sọ pé èso náà ń dúró ní tútù nígbà tó yẹ kó pọ́n. Àgbẹ̀ ilẹ̀ wa kò gbọdọ̀ gbára lé ìyẹn. Ooru ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí èèpo ọsàn pọ́n bí ti ilẹ̀ olótùútù. Ọsàn tó dùn bí oyin ní Kejetia tàbí ní Bódìjà lè tutù yọ̀yọ̀ lára.

Kòkó ti rí irú rẹ̀ rí

Fún àgbẹ̀ Ghana àti àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, pé kòkòrò tó ń mu oje lè pa igi kì í ṣe ìtàn tuntun. Ní 1936, wọ́n ṣàkíyèsí igi kòkó tí ẹ̀ka rẹ̀ ń wú ní apá ìlà oòrùn Gold Coast. Wọ́n dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Tafo ní 1938, ibẹ̀ sì ni A. F. Posnette ti fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940 pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Àwọn kòkòrò funfun tí ara wọn dà bíi pé wọ́n yí wọn nínú ìyẹ̀fun ló ń gbé e láti igi dé igi. Ní 1944, wọ́n rí àrùn náà ní agbègbè Ìbàdàn.

Kòkòrò funfun yìí kì í fò bíi Diaphorina. Ó ń rìn ni, láti ẹ̀ka tó bá kan ẹ̀ka, tàbí kí afẹ́fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rẹ́: àwọn èèrà tó ń lá ṣúgà tó ń dà nù. Wọ́n ń ṣọ́ ọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kọ́ ilé bò ó kí ọ̀tá má baà rí i. Tí oje kòkó kò bá ní ṣúgà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èèrà kò ní rí owó iṣẹ́ gbà.

Ojútùú ìjọba amúnisìn ni pé kí wọ́n gé igi. Láti 1946 ni iṣẹ́ gígé náà ti le, igi kòkó tí wọ́n sì ti gé ní Ghana láti ìgbà náà ti lé ní mílíọ̀nù 200. Igi tó ti ní fáírọ́ọ̀sì lè máa so fún ọdún mélòó kan, ó sì lè máa dán fún oṣù púpọ̀ kí àmì tó hàn. Ní ojú àgbẹ̀, wọ́n wá ń gé igi tó ń fi owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Accra ní February 1948, ìgbìmọ̀ Watson tó wádìí rẹ̀ ka ìbínú lórí gígé kòkó mọ́ ohun tó fà á. Ní Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ Ẹgbẹ́ Máyégún dìde sí gígé kòkó ní òpin àwọn ọdún 1940 kan náà.

Ìbínú wọn ní ìdí. Àdá lè mú igi kúrò, ṣùgbọ́n kò mú kòkòrò tàbí èèrà kúrò, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jókòó ṣàlàyé fún àgbẹ̀ ìdí tí igi tó dára lójú fi gbọ́dọ̀ wó lulẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan jáde lẹ́yìn náà láti CRIG, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó Ghana tó wà ní Tafo, tó sì fi oje ṣe ìpìlẹ̀: kí wọ́n gbin igi tí fáírọ́ọ̀sì náà kò lè gbé inú rẹ̀ yí oko kòkó tuntun ká. Ọ̀pẹ wà lára wọn, obì wà níbẹ̀, ọsàn náà sì wà níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í pẹ́ lẹ́nu kòkòrò funfun. Èyí tó bá kọ́kọ́ dúró mu oje ọsàn yóò ti pàdánù rẹ̀ kó tó dé ìdí kòkó. Ìyẹn ni pé níbi tí wọ́n bá ti lo ọsàn báyìí, ògiri ààbò kòkó ló ń ṣe. Tí huanglongbing bá wá pa ọsàn náà, kì í ṣe ọlọ́sàn nìkan ni yóò pàdánù.

Kí ni wọ́n ti gbìyànjú?

Ní gúúsù Vietnam, àwọn àgbẹ̀ kíyè sí i pé ọsàn tí wọ́n gbìn láàárín gúáfà kì í tètè mú àrùn. Àwọn olùwádìí tọ òórùn náà lẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé ewé gúáfà tí wọ́n bá fọ́ ń tú kẹ́míkà kan tó ní sulfur jáde, Diaphorina kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ dùn. Ṣùgbọ́n gúáfà kò dá àrùn náà dúró pátápátá, ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Ẹni tó bá ń polówó rẹ̀ bí ẹni pé ó ti tán ń tan àgbẹ̀ jẹ.

Ní erékùṣù Réunion, wọ́n mú agbọ́n tín-ín-rín kan, Tamarixia radiata, wọlé ní àwọn ọdún 1970. Ó ń yé ẹyin sára ọmọ Diaphorina, ọmọ agbọ́n náà a sì jẹ ẹ́ pa, èyí sì dín ìṣòro náà kù gan-an níbẹ̀. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà ti rí irú iṣẹ́ yìí rí. Nígbà tí kòkòrò funfun kan láti ilẹ̀ Asia bẹ̀rẹ̀ sí í fa oje máńgòrò gbẹ ní Ghana, Togo àti Benin ní àwọn ọdún 1980, agbọ́n kékeré kan láti India tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Togo ní 1987 ló ká a lọ́wọ́ kò.

Oògùn apakòkòrò wà, ṣùgbọ́n ó ń pa agbọ́n wọ̀nyí pẹ̀lú, Florida sì fín in títí, ọsàn wọn kò yé kú.

Ọkọ̀ ọsàn àti ewé tó tẹ̀lé e

Ní 2010, àwọn olùwádìí kan ní Florida gbé àbájáde jáde lórí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó ọsàn lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń fún un. Diaphorina wà nínú wọn láàyè. Ewé àti ẹ̀ka tó bá ọsàn rìn ni wọ́n fi ṣe ilé, ọkọ̀ náà sì ń gbé wọn kọjá oko àwọn ẹlòmíràn lójú ọ̀nà.

Kejetia jẹ́ ojú ibùdókọ̀, kì í ṣe ọjà nìkan. Ọkọ̀ láti gúúsù ń já ẹrù níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ sí àríwá Ghana sì ń di ẹrù níbẹ̀. Ọ̀nà láàárín Kumasi àti ilẹ̀ Yorùbá náà ti pẹ́. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń ná ọjà níbẹ̀ kí òfin November 1969 tó lé ọ̀pọ̀ wọn padà sílé, àwọn mìíràn sì ti padà lọ láti ìgbà náà. Ẹni tó bá ń kó ọsàn lè gbọn ewé rẹ̀ dànù ní oko, kó tó dé ọkọ̀. Owó kékeré ló ń ná ni. Ọ̀gbìn ọsàn tí èèyàn kan gbé wá láti ìlú mìíràn léwu ju èso lọ, torí ewé tuntun ló pọ̀ lára rẹ̀, àrùn sì lè ti wà nínú oje rẹ̀ láì tíì hàn.

Àmì kan tún wà tí kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ewé ọsàn máa ń pọ́n tí zinc bá wọ́n nínú ilẹ̀, ìyẹn sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kí èèyàn ká ewé náà sí méjì lójú iṣan àárín rẹ̀. Tí àwọ̀ ìyeyè tó wà ní apá òsì bá dọ́gba pẹ̀lú ti apá ọ̀tún, ilẹ̀ ló ń pa ebi. Tí wọn kò bá dọ́gba, tí ẹ̀gbẹ́ kan pọ́n níbi tí èkejì ti tutù, kí àgbẹ̀ má gbé ewé náà rìn káàkiri oko. Kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi asọ pupa sàmì sí igi náà, kó sì pe òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní agbègbè rẹ̀. Ní Kumasi, ilé iṣẹ́ ìwádìí irè oko CSIR wà ní Fumesua lẹ́yìn ìlú. Ní Ìbàdàn, NIHORT tó ń ṣèwádìí èso àti ewébẹ̀ láti 1975 wà ní Ìdí-Ìṣin.